Bí mo ṣe wọn ìjà goblin mẹ́rin fún àwọn ẹ̀dá-ìtàn ipele kìíní

Ìjà Dungeons & Dragons ni mo ṣètò (eré ìtàn tí a ń fi dáìsì ṣe ni), pẹ̀lú òfin ẹ̀dà karùn-ún ti ọdún 2014. Ẹ̀dá-ìtàn mẹ́rin ló wà nílẹ̀, ipele kìíní ni gbogbo wọn wà: jagunjagun, àlùfáà, gbéwiri àti oṣó. Goblin mẹ́rin, ẹ̀dá kékeré oníwà ibi, ni mo fẹ́ kó dènà dè wọ́n lójú ọ̀nà igbó. Nọ́ńbà goblin wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú SRD 5.1, àkójọ òfin eré náà, tó bọ́ sábẹ́ àṣẹ Creative Commons ní oṣù kìíní ọdún 2023, nítorí náà ẹnikẹ́ni lè ṣí i kó máa bá mi ṣírò ó lọ. Ẹ̀mí goblin jẹ́ 7. AC rẹ̀, ìyẹn iye tí ìkọlù gbọ́dọ̀ dé kó tó bà á, jẹ́ 15. Bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ kọlu èèyàn, ó ń fi 4 kún dáìsì olójú 20. Bó bá ba ẹni náà, ọgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 1d6+2: ẹ ju dáìsì olójú mẹ́fà kan, irú èyí tí a fi ń ta ludo, kí ẹ fi 2 kún un.

Ìṣirò XP, ìyẹn àmì ìrírí tí ọ̀tá kọ̀ọ̀kan ń mú wá, ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Fún ẹ̀dá-ìtàn ipele kìíní kan, òfin 2014 fi ìjà tó rọrùn sí 25, èyí tó mọ níwọ̀n sí 50, èyí tó le sí 75, èyí tó lè pani sí 100. Fún ẹni mẹ́rin, ó di 100, 200, 300 àti 400. Goblin kan jẹ́ 50 XP, mẹ́rin jẹ́ 200. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á rò pé ìjà náà mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n ìlọ́po ṣì wà níwájú: ọ̀tá kan, ìlọ́po 1; méjì, 1.5, mẹ́ta sí mẹ́fà, 2, méje sí mẹ́wàá, 2.5. 200 lọ́nà méjì di 400, ó bọ́ sójú ìjà tó lè pani gẹ́lẹ́. (Àtúnṣe 2024 ti yọ ìlọ́po yìí kúrò, nítorí náà ẹ má ṣe po òfin méjèèjì pọ̀.)

Ìlọ́po náà tọ̀nà, àmọ́ kò sọ ibi tí ewu fara pamọ́ sí. Dáìsì ló ń sọ ìyẹn. AC oṣó wa jẹ́ 12, ẹ̀mí rẹ̀ jẹ́ 8. Goblin gbọ́dọ̀ rí 8 sókè kó tó bà á: ojú 13 nínú 20, ìdá 65 nínú 100. Àròpín 1d6+2 jẹ́ 5.5. Bí a bá ka ojú 20 gan-an mọ́ ọn, tó máa ń sọ dáìsì ọgbẹ́ di méjì, goblin kan ń gba bíi 3.75 lára oṣó nígbàkígbà tó bá kàn án. Mẹ́rin á gba 15, bẹ́ẹ̀ sì rèé, 8 ni gbogbo ẹ̀mí tó ní. Jagunjagun tó wọ ẹ̀wù irin chain mail tó tún gbé asà ní AC 18 ní tirẹ̀. Goblin gbọ́dọ̀ rí 14 sókè, ìdá 35 péré, àròpín ọgbẹ́ sì jẹ́ 2.1.

Mo wá yí sí ìhà tiwa. Jagunjagun ní +5, ó gbọ́dọ̀ rí 10 kó tó ba AC 15. Idà rẹ̀, 1d8+3, kì í pa goblin ẹlẹ́mìí 7 lẹ́ẹ̀kan àfi bí dáìsì ọgbẹ́ bá mú 4 sókè. Ẹni tó bá yan ọ̀nà ìjà Dueling ń lo 1d8+5, ojú 1 nìkan ló lè já a kulẹ̀. +2 kékeré yẹn gbé àǹfààní pípa goblin ní ìkọlù kan láti 36 dé 49 nínú 100. Gbéwiri tó ta ọfà pẹ̀lú Sneak Attack, ìyẹn ọgbẹ́ àfikún tirẹ̀, ní bíi 51, bí ẹnìkejì rẹ̀ bá ti dúró ti goblin náà. Oṣó pẹ̀lú ọfọ̀ iná Fire Bolt ní 24, àlùfáà pẹ̀lú kùmọ̀ ní 19. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó goblin kan àti ààbọ̀ nínú ìyípo kan, ìjà á gba ìyípo mẹ́ta. Láàárín ìyẹn, ìkọlù goblin á tó méje tàbí mẹ́jọ. Bó bá pín káàkiri, ọgbẹ́ á wà láàárín 22 sí 24 nínú ẹ̀mí 39 tí àwọn mẹ́rin ní lápapọ̀, wọ́n á sì ṣẹ́gun. Bó bá dà lé oṣó nìkan lórí, ó ti ṣubú kó tó la ẹnu.

Òfin initiative, ìyẹn ètò ẹni tó máa kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀, gan-an ló sì ń dà á lé e lórí. Dáìsì kan ṣoṣo ni adarí eré ń jù fún gbogbo ọ̀tá tó bá jọ ara wọn, gbogbo wọn á sì ṣe tiwọn léraléra. Mo pín goblin sí méjì-méjì, mo ju dáìsì ọ̀tọ̀ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń gbá eré sábà máa ń rí àyè láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì láti wo ẹni tó fara gbọgbẹ́ sàn, tàbí kí wọ́n fà á sẹ́yìn. Mi ò yọ goblin kankan kúrò.

Ìbúba náà nílò irú àbójútó bẹ́ẹ̀. Stealth goblin, ìyẹn ìfarapamọ́ rẹ̀, jẹ́ +6, passive Perception àlùfáà wa, ìyẹn bó ṣe ń kíyè sí nǹkan láìju dáìsì, jẹ́ 13. Bí ẹ bá ju dáìsì kan fún gbogbo goblin, ìdá 65 nínú 100 ni pé wọ́n á kọjá 13, kí wọ́n bá àlùfáà lójijì, kó má lè ṣe ohunkóhun nígbà àkọ́kọ́ tó bá kàn án. Bí ẹ bá jù ú lọ́kọ̀ọ̀kan, àlùfáà tó rí goblin kan ṣoṣo kò sí lábẹ́ òjijì mọ́. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ yege, ìyẹn sì jẹ́ ìdá 18 péré. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo jù ú.

Ibi tí mo fi goblin sí ló gba àkókò jù lọ, nítorí ọfọ̀ Sleep. Ó ń mú ọ̀tá sùn títí àpapọ̀ ẹ̀mí wọn fi tó agbára rẹ̀: 5d8 ni agbára náà, àròpín 22.5, ẹ̀mí goblin mẹ́ta sì jẹ́ 21. Bí wọ́n bá kó ara wọn jọ sójú kan, ọfọ̀ kan péré parí ìjà. Ẹsẹ̀ bàtà 20 ni ó ń dé láti àárín rẹ̀, nítorí náà àwọn tó jìnnà síra ju 40 lọ kò lè bọ́ sínú rẹ̀ pa pọ̀. Mo fi méjì sójú ọ̀nà pẹ̀lú idà, mo fi ọlọ́fà kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí ojú ọ̀nà, àpótí 12 lórí àwòrán ilẹ̀. Ọfà wọn dé 80 láìsí ìnira, ẹni tó bá sì fi gbogbo agbára sáré lè dé ọ̀dọ̀ wọn ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ọlọ́fà kọ̀ọ̀kan ní igi kan péré tó lè sá sẹ́yìn rẹ̀. Igi náà sọ AC rẹ̀ di 17. Ṣùgbọ́n bí igi bá pọ̀, á máa sá pamọ́ kó tún máa ju dáìsì méjì mú èyí tó ga, àǹfààní rẹ̀ lára oṣó á sì gòkè láti 65 dé 88.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú pé goblin kì í lu ẹni tó ti ṣubú. Ìkọlù tó bá ba ẹni tó dákú láti ẹsẹ̀ bàtà 5 jẹ́ ìjákulẹ̀ méjì nínú mẹ́ta tó ń pani, ìkọlù kejì ti parí rẹ̀. Ikú òjijì kò ṣeé dínà báyìí: oṣó tó ku ẹ̀mí 6, bí goblin bá rí 20, tí dáìsì méjèèjì sì mú 6, ọgbẹ́ 14 ni. Ó ṣẹ́ ku 8, tó dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀mí rẹ̀ nígbà tó kún, òfin sì ní ó ti kú. Mo sọ èyí fún ẹni tó ni oṣó náà kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń pín XP, 200 lẹ ó pín, kì í ṣe 400. Ìlọ́po wà fún wíwọn ìjà nìkan. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gba 50, wọ́n sì nílò 300 láti dé ipele kejì.