Ọjọ́ mẹ́wàá ní Rabai: bá a ṣe ṣe ìrìn àjò míṣọ́n wa lọ sí Kẹ́ńyà

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ sí pásítọ̀ tó máa gbà wá lálejò gùn tó ojú ewé méjì, gbogbo ẹ̀ ló sì dá lórí ohun tí àwa fẹ́ ṣe: ìsọjí alẹ́ mẹ́ta, ìtọ́jú ìlera ọ̀fẹ́ torí pé a ní nọ́ọ̀sì méjì nínú wa, aṣọ pínpín, eré fáwọn ọmọdé. Bàbá yẹn fèsì ní ìlà mẹ́rin péré. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní àwọn ń gbàdúrà fún wa, wọ́n wá béèrè bóyá a lè kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó jẹ ìjọ àwọn lógún. Ìbéèrè yẹn ló yí gbogbo ìrìn àjò náà padà, òun náà ni mo sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí ìjọ ẹ̀ bá ń múra míṣọ́n ọ̀sẹ̀ kan sí méjì fi sọ́kàn: kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ béèrè.

Nígbà tá a wá béèrè, omi ni wọ́n dárúkọ. Rabai ò jìnnà sí Mombasa, abẹ́ Kilifi County ló wà ní apá etíkun Kẹ́ńyà, àmọ́ pé èèyàn ń gbé nítòsí òkun ò ní kó rí omi mu. Òjò ńlá wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ ní bí oṣù kẹrin, òjò kékeré á tún dé láàárín oṣù kẹwàá sí ìkejìlá, tó bá ti dáwọ́ dúró báyìí, àwọn ìyá àtàwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kẹ́ẹ̀gì kiri. Ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà ní òrùlé páànù tó gùn dáadáa, òjò ń rọ̀ sórí ẹ̀, gbogbo omi yẹn sì ń ṣàn lọ sínú igbó. Pásítọ̀ ní tá a bá lè bá àwọn ra táńkì àti gọ́tà, àwọn ní bíríkìlà àti kápẹ́ńtà tiwọn, ká kàn wá bá wọn ṣe lébìrà.

Ẹ ò ní gbàgbọ́ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe le tó fún tíìmù wa láti gbà. Mọ́kànlá ni wá, èmi ni akọ̀wé, a sì ti ń gbàdúrà lórí ìsọjí àti ìtọ́jú ìlera yẹn fún oṣù mẹ́ta. Ó dun àwọn arábìnrin wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì jù. Àmọ́ nígbà tá a wádìí, a rí i pé nọ́ọ̀sì tàbí dókítà láti ìlú míì ò kàn lè dé Kẹ́ńyà kó máa tọ́jú èèyàn, ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tó ń mójú tó iṣẹ́ ẹ̀ níbẹ̀. Lójú tèmi ìyẹn tọ́ gan-an. Tá a bá fún màmá kan ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lónìí tá a sì wọ bàálù lọ́tùn-únla, ta ló máa yẹ̀ wọ́n wò lóṣù tó ń bọ̀? Bẹ́ẹ̀ la ṣe pa ètò ìlera tì, a pa aṣọ pínpín náà tì, ìsọjí di ìsìn tí àwọn fúnra wọn bá pè wá sí.

Oṣù kẹjọ 2024 la mú torí àwọn ọmọ ilé ìwé máa wà ní họ́lídé. Bẹ́ẹ̀ oṣù kẹfà ọdún yẹn làwọn ọ̀dọ́ Kẹ́ńyà tú síta lórí òfin owó orí tuntun, lọ́jọ́ 25 wọ́n wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Nairobi, ẹ̀mí ṣòfò, lọ́jọ́ kejì ni Ààrẹ William Ruto ní òun ò ní fọwọ́ sí òfin náà mọ́. Àwọn ẹbí wa ń pè lójoojúmọ́ pé ká má lọ. Mi ò dá ìpinnu yẹn ṣe, mo pe pásítọ̀ ní Rabai, mo ní bàbá, ẹ sọ òótọ́ fún mi, bó bá jẹ́ ọmọ yín ni, ṣé ẹ máa ní kó wá? Wọ́n ní àwọn á sọ fún mi lọ́sẹ̀ méjì sí i. Nígbà tó pé wọ́n ní ká máa bọ̀, ká má kàn pẹ́ ní àárín ìlú Nairobi, ká sì jìnnà sí ibi tí èrò bá ti ń pé jọ. Ẹni tó ń gbé ìlú ló mọ ibi tí iná ti ń jó, ọ̀rọ̀ wọn la sì tẹ̀ lé.

Ní ti ìwé, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Páásípọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ ní oṣù mẹ́fà nílẹ̀ ó kéré tán, ti àwọn méjì nínú wa ò tó bẹ́ẹ̀, àtúnṣe ẹ̀ ló sì fẹ́ẹ̀ẹ́ dá gbogbo wa dúró. Oṣù kìíní 2024 ni Kẹ́ńyà fi eTA, ìyẹn ìwé àṣẹ ìrìn àjò, rọ́pò fíísà, nígbà tá a lọ, orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti ṣe é, wọ́n béèrè fọ́tò, tíkẹ́ẹ̀tì àti ibi tá a máa dé sí. Ẹnì kan gbà wá nímọ̀ràn pé ká kọ pé ìgbafẹ́ la ń lọ, kó lè yá, a ò gbà. A ò lè lọ wàásù Jésù pẹ̀lú irọ́ nínú fọ́ọ̀mù. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú náà, ó gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́wàá nínú ara kí káàdì ẹ̀ tó ṣiṣẹ́, àmọ́ látọdún 2016 ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn ń gbà á, ó ti tó títí ayé. Etíkun yẹn ní ẹ̀fọn tó ń fa ibà, nítorí náà dókítà kọ oògùn ìdènà fún wa, àwọn tó lo doxycycline ní láti máa lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n padà dé, ibẹ̀ sì lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń gbàgbé. Mo fi alárámù sórí WhatsApp gúrúùpù wa, mo ń pariwo ẹ̀ lálaalẹ́.

A ò gbé nǹkan iṣẹ́ kankan láti ilé. Táńkì, gọ́tà, páìpù, símẹ́ǹtì, gbogbo ẹ̀ ni ìjọ ibẹ̀ rà fúnra wọn lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ń bá rajà tẹ́lẹ̀, àwa fi owó ránṣẹ́, wọ́n fi rìsíìtì ránṣẹ́ padà. Owó iṣẹ́ bíríkìlà àti kápẹ́ńtà náà, orí M-Pesa ni wọ́n ti san án, ìyẹn ètò fífi fóònù sanwó tí Kẹ́ńyà ti ń lò látọdún 2007. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ wa bi wá pé kí ló dé tá a máa sanwó fún bíríkìlà nígbà tá a ní ọkùnrin méje tó lágbára. Ìdáhùn mi ni pé bàbá yẹn ní ọmọ tó ń lọ sí ilé ìwé, iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn, tá a bá wọ bàálù lọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí la wá ràn án lọ́wọ́ sí? Ohun kan tẹ́ ẹ máa rántí tẹ́ ẹ bá ń di ẹrù ni ọ̀rọ̀ ọ̀rá, wọ́n ti fòfin de báàgì ọ̀rá ní Kẹ́ńyà látọjọ́ 28 oṣù kẹjọ 2017, ẹ fi báàgì aṣọ kó nǹkan yín.

Ọjọ́ Sátidé mẹ́rin la fi kọ́ra wa. A kọ́ Swahili díẹ̀, mo sì gbádùn ẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ torí pé ìkíni wọn bá wa mu. Tí wọ́n bá rí ẹ tó ò ń ṣiṣẹ́, wọ́n á ní “pole na kazi”, ẹ kú iṣẹ́ nìyẹn. Tó o bá ti ìrìn àjò dé, “pole na safari”, ẹ kú ìrìn. “Pole” lásán sì dà bíi pẹ̀lẹ́ gẹ́lẹ́. Tó o bá dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, “Bwana asifiwe” lo máa kọ́kọ́ sọ, kí a yin Olúwa, gbogbo ilé á dáhùn Amen. A tún fọwọ́ sí òfin mẹ́ta: a ò ní ya ọmọ ọlọ́mọ ní fọ́tò láìjẹ́ pé òbí ẹ̀ gbà, ẹnì kan ṣoṣo nínú wa ò ní dá wà pẹ̀lú ọmọdé níbi tí ojú ò tó, ẹnikẹ́ni ò sì ní ṣe ìlérí owó láìsọ fún pásítọ̀ ibẹ̀.

A balẹ̀ ní Nairobi láàárọ̀, a sùn síbẹ̀ mọ́jú, lọ́jọ́ kejì a wọ rélùwéè tuntun tí wọ́n ṣí ní 2017, ó tó wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà dé Mombasa. Ó gba inú igbó ẹranko Tsavo kọjá, a rí erin láti ojú fèrèsé, ara wọn pupa torí erùpẹ̀ ibẹ̀ pupa. Arábìnrin kan nínú wa ń sunkún, ó ní òun ò mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run pọ̀ tó báyìí.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ la kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe. Àtẹ̀jíṣẹ́ dé lálẹ́ pé fundi, bí wọ́n ṣe ń pe oníṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn, máa dé ní “saa mbili”. Mbili ni méjì, torí náà a sọ fún gbogbo èèyàn pé aago méjì ọ̀sán ni. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni bàbá náà dé pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ méjì, wọ́n jókòó sábẹ́ igi, àwa ń fọ aṣọ. Ìdájí ni Swahili ti ń ka wákàtí, aago méje àárọ̀ wa ni wákàtí kìíní tiwọn, aago mẹ́jọ ni ìkejì. Mo tọrọ àforíjì títí. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni pásítọ̀ ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kejì, níbi tí Pétérù ti ní àwọn èèyàn náà ò mutí torí pé wákàtí kẹta ọjọ́ ló ṣì jẹ́, wọ́n ní ẹ wò ó, saa tatu nìyẹn, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ẹsẹ yẹn o, mi ò mọ̀ pé àwọn kan ṣì ń ka wákàtí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́.

Iṣẹ́ náà gba ọjọ́ márùn-ún. Fundi ló ń darí, àwa ń gbé yanrìn, a ń po kọnkéré, a ń gbé òkúta. Wọ́n kọ́kọ́ fi òkúta àti símẹ́ǹtì ṣe ìpìlẹ̀ tí táńkì máa jókòó lé, torí táńkì lítà 10,000 tó bá kún wúwo tó tọ́ọ̀nù mẹ́wàá, tí ìpìlẹ̀ ò bá dọ́gba táńkì á ya. Gọ́tà gbọ́dọ̀ tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sọ́nà páìpù, kápẹ́ńtà fi okùn àti ike omi díwọ̀n ẹ̀ láìlo ẹ̀rọ kankan. Òjò tó ga ní mílímítà kan lórí òrùlé tó jẹ́ mítà kan níbùú lóròó, lítà kan ni. Òrùlé ilé ẹ̀kọ́ yẹn gùn ní mítà 20, ó fẹ̀ ní mítà 8, ìyẹn 160, tí òjò mílímítà mẹ́wàá bá rọ̀, nǹkan bíi lítà 1,600 ló máa wọlé, yàtọ̀ sí èyí tó bá ta dànù. Wọ́n tún so páìpù kan mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń gba omi àkọ́kọ́, èyí tó fọ eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò lórí páànù, kó má bàa wọ táńkì. Lọ́jọ́ kẹta àwọn ìyá ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá wa gbé yanrìn, ọ̀kan nínú wọn gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ mi, ó fi bí wọ́n ṣe ń dì í mú hàn mí, ẹ̀yìn mi ò dùn mí mọ́ láti ìgbà yẹn.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ tó bà mí nínú jẹ́. Arákùnrin kan nínú wa ti ṣèlérí fún ọmọkùnrin kan pé òun á máa san owó ilé ìwé ẹ̀ títí tó fi máa jáde. Inú rere ló fi ṣe é, mo mọ̀ ọ́n, àmọ́ ọmọ náà ti sọ fún ìyá ẹ̀, ìyá ti sọ fún àdúgbò, nígbà tó fi máa di alẹ́, ìdílé mẹ́fà ti wà lẹ́nu ọ̀nà pásítọ̀. Mo mú arákùnrin náà lọ bá bàbá, a kúnlẹ̀, a bẹ̀bẹ̀. Wọn ò bínú, àmọ́ wọ́n sọ fún wa pé àwọn alàgbà ìjọ ti ní àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́, ọmọ yẹn ò sí nínú àwọn márùn-ún àkọ́kọ́. Arákùnrin wa fi owó tó fẹ́ san sínú àpò tí àwọn alàgbà ń bójú tó, wọ́n sì lọ bá ìyá ọmọ náà sọ̀rọ̀ fúnra wọn. Tí mo bá tún máa ṣètò irú ẹ̀, òfin kẹta yẹn ni mo máa fi ọjọ́ kan gbáko ṣàlàyé.

Lọ́jọ́ Sunday wọ́n mú wa lọ sí ilé ìrántí Johann Ludwig Krapf tó wà ní Rabai níbẹ̀. Míṣọ́nnárì ará Jámánì ni, CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́n ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló rán an, ó dé Mombasa ní 1844, láàárín oṣù díẹ̀ ìyàwó ẹ̀ Rosine àti ọmọ tuntun tí wọ́n bí kú, ó sin wọ́n síbẹ̀, kò torí ìyẹn padà sílé. Òun àti míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ ẹ̀, Johannes Rebmann, ló dá ibùdó Rabai sílẹ̀ ní 1846. Ọdún yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ CMS yìí kan náà gbé iṣẹ́ dé Abẹ́òkúta, tí Àjàyí Crowther wà lára wọn. Mo dúró níwájú àwòrán Krapf, mo ń ronú pé ọ̀kan ń tú Bíbélì sí Swahili, ọ̀kan ń tú u sí Yorùbá, ìgbà kan náà, iṣẹ́ kan náà, ọ̀pọ̀ ọdún làwọn fi ṣe tiwọn, àwa wá fún ọjọ́ mẹ́wàá. Mo dákẹ́ jẹ́ẹ́ nínú bọ́ọ̀sì bá a ṣe ń padà.

Wọ́n ní kí n wàásù lọ́jọ́ yẹn, mo bẹ̀ wọ́n pé kí pásítọ̀ wàásù, kí èmi jẹ́rìí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìdí ni pé mo fẹ́ gbọ́, a ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ jù látìgbà tá a ti ń kọ lẹ́tà. Orí obìnrin ará Samáríà létí kànga ni wọ́n wàásù lé.

Nígbà tá a délé, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì mo kó gbogbo rìsíìtì jọ, mo ka ìṣirò níwájú ìjọ, èyí tó ṣẹ́ kù a fi ránṣẹ́ sí Rabai fún àtúnṣe táńkì bó bá yá. Àwọn nọ́ọ̀sì wa méjèèjì ṣì ń bá nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ń bi wọ́n ní ìbéèrè, àwọn náà ń bi í.

Ní oṣù kọkànlá pásítọ̀ fi fóònù gba ohùn òjò lórí páànù, wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní táńkì ti kún ju ìdajì lọ. Wọ́n ní igun páìpù tó wà nísàlẹ̀ ti jò díẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, fundi ti gbé àkàbà wá, ó ti dí i kí àwọn tó rántí sọ fún wa.