Aporó kọ́ ni epo pupa

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹnikẹ́ni ò bi mí, ohun tí mo rí nítòsí Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́ lánàá ló jẹ́ kí n kọ ọ́. Ọmọ ọdún méjì gbé kẹrosíìnì mu nínú ike ẹlẹ́rìndòdò. Kí n tó débẹ̀, ìyá àgbà ti gbé kọ́ọ̀bù epo pupa dání. Wọ́n ní aporó ni.

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe gbogbo oró ló ní aporó, èyí tó bá sì ní in, tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Abẹ́rẹ́ ọsibítù ni ti oró ejò. Ẹni tó mu Sniper, oògùn apakòkòrò, atropine ni dókítà máa lò fún un. Ẹni tó gbé paracetamol mì jù, acetylcysteine ni. Kẹrosíìnì ò tiẹ̀ ní aporó rárá! Tí epo pupa bá mú kí ọmọ bì, kẹrosíìnì lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, ibẹ̀ gan-an ló ti ń ṣọṣẹ́. Ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun náà.

Ọsibítù ni kẹ́ ẹ sáré gbé e lọ, kẹ́ ẹ sì mú ike tàbí páálí ohun tó mu dání, kí dókítà lè mọ oró tó ń bá jà. Ọ̀kadà la fi gbé ọmọ yẹn. Ó ti ń bèèrè bisikíìtì báyìí.