Bẹ́ ẹ ṣe máa gbin tàtàṣé pupa, yẹ́lò àti ọ́rẹ́ńjì láti orí kóró nínú ọgbà ilé

Gírìn pẹ́pà tá a máa ń gé sínú fráídì ráìsì yẹn, ata tí ò tíì pọ́n ni o. Tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ lórí igi ẹ̀, á di pupa, òmíì á di yẹ́lò, òmíì á di ọ́rẹ́ńjì, irú kóró tẹ́ ẹ gbìn ló máa sọ. Ohun tó jẹ́ kí aláwọ̀ wọ́n lọ́jà ni pé àgbẹ̀ máa ní láti dúró bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin sí i kó tó pọ́n, òjò àti kòkòrò ò sì ní dúró dè é. Àwa tá à ń gbìn ín sẹ́yìnkùlé lè dúró.

Tó bá jẹ́ kóró páálí lẹ fẹ́ rà, ẹ wo àwọ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀ àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Tó bá jẹ́ inú ata tẹ́ ẹ rà lẹ ti fẹ́ yọ kóró, èyí tó pọ́n dáadáa ni kẹ́ ẹ mú, torí kóró inú aláwọ̀ ewé kì í sábà tíì gbó. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé háíbíríìdì, ìyẹn irú ata méjì tí wọ́n fi bí ọ̀kan, lọ̀pọ̀ ata súpámákẹ́ẹ̀tì, ọmọ lè má jọ ìyá.

Ìgbà tẹ́ ẹ máa gbìn ín ló ṣe pàtàkì jù, òun ni mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ di mú nínú gbogbo ohun tí mò ń sọ. Ọdún tí mo kọ́kọ́ gbìn ín n'Íbàdàn níbí, oṣù kìíní ni mo da kóró ẹ̀, igi ẹ̀ dàgbà, ewé ẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, nígbà tó fi máa di ìparí oṣù kẹta òdòdó funfun ti bò ó, àmọ́ láràárọ̀ ni mò ń bá òdòdó nílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀, mo ra oògùn mo fín in, kò yí padà, ẹyọ méjì péré ló so. Ó dùn mí gan-an. Àṣé ooru ni. Tí òru bá ti ń gbóná ju bíi dígírì 24 lọ, tàbí tí ọ̀sán bá kọjá 32, òdòdó tàtàṣé á máa rẹ̀ dànù. Ìdí nìyẹn tó fi ń ṣe dáadáa ní Jos tó tutù. Ní báyìí ìparí oṣù kẹjọ ni mo máa ń da kóró, kó lè jẹ́ pé ìgbà tí òru bá ń tutù, tí ọyẹ́ ń bọ̀, ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í so.

Fún ilẹ̀ tẹ́ ẹ máa da kóró sí, ẹ po ilẹ̀ dúdú ìwọ̀n méjì, iyanrìn ìwọ̀n ọ̀kan, àti ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa díẹ̀, ẹ da omi gbígbóná sí i, kó tutù di ọjọ́ kejì. Ike tẹ́ ẹ ti lu nídìí ni kẹ́ ẹ kó o sí. Kóró ò gbọdọ̀ jìn ju ìdajì èékánná lọ. Ẹ fi nálọ́ọ̀nù bò ó, ẹ gbé e síbi tó móoru, láàárín ọjọ́ 7 sí 14 ẹ máa rí ọrùn ẹ̀ tó tẹ̀ bí ìwọ̀ tó ń ti ilẹ̀ sókè, kóró á ṣì wà lórí ẹ̀ bíi fìlà, ẹ má fọwọ́ ṣí i o, ẹ ta omi sí i lórí láàárọ̀, á bọ́ fúnra ẹ̀. Ẹ ká nálọ́ọ̀nù kúrò lójú ẹsẹ̀, kó máa rí ìmọ́lẹ̀. Omi àpọ̀jù máa ń jẹ́ kí ọrùn ẹ̀ rà.

Tó bá ti ní ewé márùn-ún sí mẹ́fà, bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà, ẹ máa gbé e sóòrùn díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ wá tún un gbìn nírọ̀lẹ́, ẹyọ kan sínú rọ́bà pẹ́ńtì lítà 20, tàbí nílẹ̀ kó jìnnà síra tó 45 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ má gbìn ín síbi tí tòmátì, ata tàbí ìkàn wà lọ́dún tó kọjá, àìsàn kan náà ló ń ṣe gbogbo wọn. Ẹ fi ọ̀pá tì í. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí ẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa bomi rin ín déédéé, torí tí omi bá ń wá tó ń lọ, ìsàlẹ̀ ata á dúdú á rì sínú, àwọn èèyàn á ní kòkòrò ni, èròjà tí wọ́n ń pè ní kálísíọ́ọ̀mù ni ò dé inú ata. Fún kòkòrò wínníwínní abẹ́ ewé, ewé dóńgóyárò tẹ́ ẹ rẹ mọ́jú pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀, ẹ fín in nírọ̀lẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Àwọn kan máa ń bi mí bóyá ṣọ̀mbọ̀ tó wà nítòsí á sọ ọ́ di ata gbígbóná. Èyí tẹ́ ẹ ń ká lọ́dún yìí ò ní ta, kóró inú ẹ̀ tẹ́ ẹ bá tún gbìn ló lè ta.

Èyí tó bá kọ́kọ́ so, mo máa ń já a láwọ̀ ewé, kí igi lè gbérí, kó sì so púpọ̀. Àwọn tó kù ni mo máa ń fi sílẹ̀. Á tóbi tán, á sì dúró bẹ́ẹ̀ láwọ̀ ewé, ẹ máa rò pé kò ní pọ́n mọ́, títí ẹ̀gbẹ́ kan lókè nítòsí igi ẹ̀ á fi ní àwọ̀ búráùn, kí pupa tó máa sáré bọ̀ lára ẹ̀. Yẹ́lò ní tiẹ̀, àwọ̀ ewé ẹ̀ á kọ́kọ́ máa ṣá díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti pọ́n kọjá ìdajì, ẹ lè fi ọ̀bẹ gé e, ẹ má fà á, ẹ̀ka ẹ̀ máa ń tètè kán, á parí pípọ́n ẹ̀ nínú ilé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tọ́jú kóró, ibòji ni kẹ́ ẹ sá a sí, kẹ́ ẹ sì kọ àwọ̀ ẹ̀ sára bébà tẹ́ ẹ bá fi wé e, torí kóró pupa àti ti yẹ́lò ò yàtọ̀ síra rárá.