Nígbà Tí Àpá Irorẹ́ Kò Bá Lọ Lẹ́yìn Ìtọ́jú Ìgbì Rédíò

Ẹ̀rọ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín ní àwọn abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń wọnú awọ ojú, tí wọ́n sì ń tú ooru ìgbì rédíò sílẹ̀ nísàlẹ̀. Ooru yẹn ló ń mú kí ara ṣe kólájínì tuntun (èròjà tó ń di awọ mú), èyí tí yóò máa gbé ìsàlẹ̀ kòtò àpá sókè. Lójú tèmi, ohun tó ń fa ìjákulẹ̀ jù lọ ni pé ènìyàn ń sanwó kó tó mọ irú àpá tó wà lójú rẹ̀.

Ìbéèrè: Ó ti tó oṣù kan tí mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Owó gọbọi ni wọ́n gbà, síbẹ̀ kòtò ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kò yí padà. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?

Ìdáhùn: Ó ṣì yá jù láti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta sí mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 láàárín, àbájáde rẹ̀ sì máa ń hàn dáadáa láàárín oṣù 3 sí 6 lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn. Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ ni pé ojú máa ń wú ní ọjọ́ àkọ́kọ́, tí kòtò yóò sì dà bíi pé ó ti kún. Bí wíwú náà bá ti lọ sílẹ̀, àpá á tún yọjú.

Ìbéèrè: Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀ parí. Àwọn àpá kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, àwọn kan kò mira rárá. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Àwọn àpá náà kì í ṣe irú kan náà. Ẹ wọ yàrá tó ṣókùnkùn, ẹ dúró níwájú dígí, kí ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, kí òjìji lè fi kòtò kọ̀ọ̀kan hàn. Bí ẹ bá fi ìka fa awọ náà tí kòtò sì pòórá, a jẹ́ pé àpá tó ń rí bí ìgbì ni, tí iṣan àpá (ohun líle bí okùn tó hù lábẹ́ àpá) fà mọ́ ìsàlẹ̀. Dókítà máa ń fi abẹ́rẹ́ já iṣan náà lábẹ́ awọ kí ìgbì rédíò tó lè ràn án lọ́wọ́ dáadáa. Ihò tóóró tó jìn, bíi pé ìṣó ló gún ibẹ̀, kì í sábà gbọ́ ti ẹ̀rọ yìí. Ásíìdì TCA tó le ni dókítà máa ń kán sínú irú ihò bẹ́ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má ṣe dán an wò nílé. Kòtò fífẹ̀ tí kò jìn ni ẹ̀rọ náà máa ń ṣe dáadáa sí.

Ìbéèrè: Ojú mi dúdú sí i níbi tí wọ́n ti ṣe é.

Ìdáhùn: Awọ dúdú bíi tiwa máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí nǹkan bá ti mú un gbóná tàbí dá a lọ́gbẹ́. Ìgbì rédíò kì í wá àwọ̀ ara kiri bí ìmọ́lẹ̀ lésà ṣe ń ṣe, nítorí náà ewu rẹ̀ kéré sí ti ọ̀pọ̀ lésà, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kò sí. Ẹ máa lo ìpara adáàbòbò oòrùn tó jẹ́ SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójoojúmọ́, kí ẹ sì bi dókítà awọ ara bóyá azelaic acid, oògùn ìpara tó ń dín dúdú náà kù, yẹ yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe sá lọ bá ìpara ìbóra tí wọ́n pò lọ́jà: sítẹ́rọ́ìdì lè wà nínú rẹ̀, ó ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì ń fa irorẹ́ mìíràn. Dúdú náà máa ń ṣí díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan.

Ìbéèrè: Ibì kan lójú mi ti lé ròrò, ó sì ń ta mí gan-an.

Ìdáhùn: Ẹ lọ rí dókítà lónìí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé àwọn kan ti jóná, wọ́n ní àpá tuntun, ọ̀rá ojú wọn gbẹ, tàbí iṣan ìmọ̀lára wọn bàjẹ́ lẹ́yìn ìtọ́jú yìí. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ẹ béèrè ẹni tí yóò di ẹ̀rọ náà mú, àti bóyá ó ti tọ́jú awọ dúdú rí.

Ìbéèrè: Irorẹ́ ṣì ń jáde lójú mi. Ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà fi oògùn kápá irorẹ́ náà, nítorí èyí tó ń jáde lọ́wọ́ ṣì lè gbẹ́ kòtò mìíràn. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú bí ẹ bá lóyún, bí àpá yín bá máa ń wú di kókó, tàbí bí ẹ̀rọ tó ń darí lílù ọkàn bá wà láyà yín; ẹni tó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣe ìtọ́jú yìí.