Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ náwó lé lórí kí Corolla yín lè di títì mú

Tí Toyota Corolla ọdún 2003 sí 2008 bá ń fì nígbà tẹ́ ẹ bá ń ya kọ́nà, tó ń yà sọ́tùn-ún sósì fúnra rẹ̀ lórí eré, tàbí tí imú rẹ̀ ń lọ tààrà nígbà tẹ́ ẹ ti yí sítíárìn, rímù ńlá tàbí sípíríǹgì tó le ló máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ awakọ̀ lọ́kàn. Àwọn yẹn gan-an ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Ọkọ̀ yìí ti lé lọ́dún 15, kòtò àdúgbò àti bọ́m̀pù ojú títì sì ti jẹ rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀ tán. Ọkọ̀ tó ti gbó tó báyìí, àtúnṣe ló máa dá ìrìn rẹ̀ padà. Àfikún ò lè ṣiṣẹ́ lórí oríkèé tó ti yẹ̀.

Ilẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀, ká tó máa lọ sókè: táyà, lẹ́yìn náà rọ́bà àti oríkèé ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ṣọ́ọ̀kì, èyí tó ń dá fífò sípíríǹgì dúró, ká wá fi alaimẹ́ǹtì, ìyẹn títò igun táyà, dè é. Ètò yìí kan náà ló bá Yaris àti àwọn ọkọ̀ kékeré míì tí ẹsẹ̀ iwájú ń fà mu. Tí owó tó wà nílẹ̀ bá jẹ́ ₦100, ẹ jẹ́ kí nǹkan bí ₦45 lọ sórí táyà, ₦30 sórí ṣọ́ọ̀kì, ₦20 sórí rọ́bà àti oríkèé, kí ₦5 tó kù ṣe alaimẹ́ǹtì àti báláǹsì. Ẹ má ṣe yọ ₦5 yẹn kúrò rárá.

Ẹ yẹ ọkọ̀ wò kẹ́ ẹ tó yọ owó

Ẹ wá títì kan tí kò ní èrò púpọ̀, tó ní kọ́nà kan àti ibi tó rí gbágungbàgun díẹ̀. Ẹ wà á gba ibẹ̀ ní eré kan náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí sílẹ̀: ṣé ó ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣé ó ń dún, ṣé ìdí rẹ̀ ń tún mì lẹ́yìn tó ti kọjá gálọ́ọ̀pù? Títì yìí náà ni kẹ́ ẹ máa padà sí lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá pààrọ̀ nǹkan mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ èyí tó ṣe é lóore, bẹ́ẹ̀ ni kò ní mọ èyí tó bà á jẹ́.

Ẹ kó ẹrù tí kò níṣẹ́ kúrò nínú búùtù pẹ̀lú. Jẹnẹrétọ̀ kékeré àti kẹ́ẹ̀gì omi méjì ń tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀, imú á wá fúyẹ́, sítíárìn náà á sì fúyẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ gbé iwájú rẹ̀ sókè. Ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni kó wà, kẹ́ ẹ fi òkúta tàbí igi há táyà ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ sì fi irin ìdúró sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Ẹ fi ọwọ́ kan mú táyà lókè, ọwọ́ kejì nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ máa tì í kẹ́ ẹ máa fà á. Tó bá ń yẹ̀, ẹ ní kí ẹnì kan tẹ bíréèkì. Tí yíyẹ̀ náà bá lọ, bẹ́árìn ló ti lọ. Tó bá ṣì ń yẹ̀, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, oríkèé tó so áàmù mọ́ ẹsẹ̀ táyà, ni kẹ́ ẹ fura sí. Ẹ wá mú táyà náà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Èyí tó bá yẹ̀ báyìí, táì rọ́ọ̀dù, irin tí sítíárìn fi ń yí táyà, ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ fi ọwọ́ yí táyà yípo kẹ́ ẹ tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bẹ́árìn tó bá ń kùn kò ní pẹ́ ṣe yín ní nǹkan.

Ìró “kọ̀-kọ̀-kọ̀” tó máa ń jáde tẹ́ ẹ bá rọra ń gba ojú ọ̀nà tó ní kòtò wẹ́wẹ́, líńkéèjì sitabiláísà, irin kékeré tó so irin tó ń dín fífì kù mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, ló sábà máa ń jẹ́. Kò wọ́n, kò sì ṣòroó pààrọ̀.

Táyà

Ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan ti fara kan ilẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Lórí àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin yẹn ni bíréèkì, kọ́nà àti eré gbogbo dúró lé. Ìdí rèé tí táyà fi ṣáájú, tí kò sì sí ohun tẹ́ ẹ lè rà tó máa dí àlàfo táyà tí kò dáa.

Ẹ wo lébẹ́ẹ̀lì tó wà níbi ilẹ̀kùn awakọ̀. 195/65R15 ni ọ̀pọ̀ Corolla yìí ń lò, àwọn kan sì ń lo 185/65R15. Lára táyà, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin níparí: 2323 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2023. Èyí tó bá ti lé lọ́dún 6, ẹ fi sílẹ̀, bó ti wù kí ojú rẹ̀ nípọn tó. Rọ́bà tó ti pẹ́ máa ń le, rọ́bà tó bá sì ti le máa ń yọ̀ nínú òjò. Ibí yìí ni táyà tókúnbọ̀ ti ń tan ènìyàn jẹ: orúkọ ńlá wà lára rẹ̀, ojú rẹ̀ nípọn, àmọ́ ó ti gbẹ. Táyà tuntun mẹ́rin tí orúkọ rẹ̀ kò lókìkí sàn ju tókúnbọ̀ mẹ́rin olórúkọ lọ. Tí ojú rẹ̀ bá ti kù sí mìlímítà 3 nígbà òjò, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó òmíràn, 1.6 ni ibi tí òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti ní kó tán, omi á sì ti máa gbé ọkọ̀ kúrò lórí títì kó tó dé ibẹ̀.

Tó bá jẹ́ méjì péré lowó ká, ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ gbé wọn sí. Fọkanáísà á bá yín jiyàn pé iwájú ló ń fa ọkọ̀, iwájú ló ń ṣẹ́rí, òun ló yẹ kó gba tuntun. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú òjò ná. Tí táyà iwájú bá yọ̀, imú ọkọ̀ á lọ tààrà, ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ sítíárìn, ẹ ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù, á sì tún di ilẹ̀ mú. Tó bá jẹ́ ti ẹ̀yìn ló yọ̀, ìdí ọkọ̀ á ti gbá yíká kẹ́ ẹ tó mọ ohun tó dé, awakọ̀ tó lè gbà á padà kò sì pọ̀.

Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Nǹkan bíi 30 psi ni ti Corolla yìí. Ohun tí lébẹ́ẹ̀lì bá sọ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Àárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ ra gééjì tiyín, torí pé ti ojú títì sábà máa ń parọ́. Táyà tẹ́ ẹ fún ní 40 psi máa ń fò lórí gálọ́ọ̀pù, àárín rẹ̀ nìkan ló sì ń jẹ. Èyí tó wà ní 22 máa ń yí ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ ní kọ́nà, á sì gbóná títí tó fi máa bẹ́ lójú títì márosẹ̀.

Ẹ di nọ́ọ̀tì rímù ní àgbélébùú, kẹ́ ẹ fi tọ́ọ̀kì sípánà, èyí tó ń wọn agbára tẹ́ ẹ fi ń dì í, dè é dé 103 Nm. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ gun sípánà ń fa bóòtì gùn ni. Lẹ́yìn kìlómítà 100, ẹ tún un dì.

Àwọn tó fẹ́ rímù 16 ń béèrè nípa 205/55R16. Ó bára mu lóòótọ́: gíga rẹ̀ látòkè délẹ̀ jẹ́ mìlímítà 632, ti 195/65R15 sì jẹ́ 634, kò ní da aago eré rú. Sítíárìn á sì yá díẹ̀ sí i. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà á dín láti 127 sí 113. Mìlímítà 14 tó lọ yẹn ni ì bá gba kòtò mọ́ rímù lọ́wọ́. Fún ọkọ̀ tó ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ ní Èkó tàbí Ìbàdàn, ẹ jókòó sórí 15.

Rọ́bà àti oríkèé ẹsẹ̀

Lówà áàmù iwájú, apá irin ìsàlẹ̀ tó di ẹsẹ̀ táyà mú, ní búùṣì méjì, ìyẹn rọ́bà oríkèé rẹ̀. Ti ẹ̀yìn, èyí tó tóbi, ló máa ń kọ́kọ́ ya. Tó bá ti ya, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì ni áàmù náà máa ń sún sẹ́yìn, táyà á sì kọjú sí ibòmíràn fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ á máa rìn bí ẹni tó mutí, ẹ ó sì rò pé alaimẹ́ǹtì ni. Ẹ fi irin gígùn há a, kẹ́ ẹ wo bóyá rọ́bà náà ti là kúrò lára irin.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ fún ọjà ni: búùṣì lówà áàmù tọ̀tún-tòsì, tàbí odidi áàmù méjì, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì méjì, líńkéèjì sitabiláísà méjì, rọ́bà sitabiláísà méjì, orí táì rọ́ọ̀dù méjì. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ máa rà, èyí tó yẹ̀ nìkan ni, àmọ́ kẹ́ ẹ rà á ní méjì-méjì. Tẹ́ ẹ bá dé Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Èkó, wọn á fi áàmù tókúnbọ̀ lọ̀ yín. Irin rẹ̀ lè dáa, ṣùgbọ́n rọ́bà inú rẹ̀ lè ti dàgbà tó ti yín; tuntun ni kẹ́ ẹ tẹ̀ sí i nínú. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tókúnbọ̀ ni kẹ́ ẹ má rà láé. Tó bá já lórí eré, táyà á dojú dé sábẹ́ ọkọ̀.

Búùṣì ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í wò. Irin kan ṣoṣo ló so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Corolla yìí pọ̀, búùṣì méjì ló sì fi rọ̀ mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Tí wọ́n bá ti rọ̀, ìdí á máa ṣẹ́rí tirẹ̀ lọ́tọ̀, pàápàá tẹ́ ẹ bá yà lójijì láti yẹra fún kòtò.

Ohun kan wà tó ń ba iṣẹ́ rere jẹ́. Búùṣì wọ̀nyí lẹ̀ mọ́ irin wọn; kì í ṣe pé wọ́n ń yí, rọ́bà wọn ló ń lọ́. Tí mẹkáníìkì bá di bóòtì wọn pinpin nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣì ń fì nínú afẹ́fẹ́, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá ti balẹ̀ ni rọ́bà náà ti lọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò wà títí tó fi máa ya láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ ní kó kọ́kọ́ fọwọ́ dì í, kó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kó fi táyà tẹ ilẹ̀, kó mì í sókè-sódò, kó tó wá dì í parí. Ẹ dúró tì í kó ṣe é.

Búùṣì tó le bíi pílásítíìkì kò yẹ ọkọ̀ ojoojúmọ́. Ó ń dún, ó sì ń gbé gbogbo gálọ́ọ̀pù wọ inú ọkọ̀.

Ṣọ́ọ̀kì

Ṣọ́ọ̀kì tó ti kú máa ń jẹ́ kí táyà fò kúrò nílẹ̀ níbi tó yẹ kó ti dì í mú. Epo lára rẹ̀ àti ojú táyà tó jẹ ní kòtò-kòtò ni àmì rẹ̀. Títẹ imú ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ wo bó ṣe ń fò padà kò tó láti fi dájọ́: èyí tó ti kú tán nìkan ló ń mú.

Méjì iwájú tàbí méjì ẹ̀yìn lẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ pọ̀. Tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbà á jẹ́ kí ọkọ̀ máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún ìrìn tí ọkọ̀ náà ní tẹ́lẹ̀. KYB ti Japan wọ́pọ̀ lọ́jà, ayédèrú rẹ̀ náà sì wọ́pọ̀, torí náà ẹ má ra èyí tí owó rẹ̀ kéré ju ti àwọn ìsọ̀ tó kù lọ fíìfíì. Ẹ ra máńtì orí ṣọ́ọ̀kì, rọ́bà ìdádúró inú rẹ̀ àti awọ tó ń bo irin rẹ̀ mọ́ ọn, nítorí pé owó iṣẹ́ kan náà ló máa gbà láti tú u.

Sípíríǹgì iwájú ní agbára tó lè pa ènìyàn. Irin ìfúnpọ̀ méjì tó dọ́gba ni kí mẹkáníìkì fi fún un kó tó tú nọ́ọ̀tì òkè. Kó má sì fi páláyà di irin dídán inú ṣọ́ọ̀kì mú: ibi tó bá họ ni yóò gé síìlì, epo á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kẹ́ ẹ tó tú bóòtì méjì tó so ṣọ́ọ̀kì mọ́ ẹsẹ̀, ẹ fi ẹfun ìkọ̀wé fa ìlà sí i, kẹ́ ẹ lè dá a padà síbi tó wà.

Rọ́bà tí wọ́n máa ń há sáàárín sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè ga kì í tún ìrìn ṣe. Ó ń gbé ìwọ̀n ọkọ̀ sókè, fífì á sì pọ̀ sí i. Tí ọkọ̀ bá ti wọlẹ̀, sípíríǹgì tuntun ni kẹ́ ẹ rà.

Alaimẹ́ǹtì

Gbogbo iṣẹ́ tó wà lókè yìí ń sún igun táyà, ìdí nìyẹn tí alaimẹ́ǹtì fi ń tẹ̀ lé wọn. Ẹ fún táyà ní afẹ́fẹ́ tó yẹ, kẹ́ ẹ kó ẹrù sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba ìwé èsì rẹ̀, ti ṣáájú àti ti ẹ̀yìn iṣẹ́. Lára Corolla yìí, títò iwájú táyà, ìyẹn ibi tí imú táyà kọjú sí, ni wọ́n ń fi táì rọ́ọ̀dù ṣe. Òdo tàbí kó wọlé díẹ̀ bíńtín ló dára. Dídagun táyà iwájú ṣeé tún díẹ̀ pẹ̀lú bóòtì tó tínrín tí Toyota ń tà fún un. Ẹ̀yìn kò ní ibi tí wọ́n ti ń yí i: tí nọ́ńbà ẹ̀yìn bá jìnnà sí ohun tó yẹ, irin ẹ̀yìn ti tẹ̀ tàbí búùṣì rẹ̀ ti lọ. Ẹni tó bá sọ pé òun ti tún ẹ̀yìn ṣe lórí ẹ̀rọ, ẹ béèrè ohun tó yí.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ fi kún un

Sitabiláísà ẹ̀yìn tó nípọn sí i ni àfikún tó ṣàǹfààní jù. Ó ń dín fífì kù, ó sì ń jẹ́ kí imú ọkọ̀ wọ kọ́nà dáadáa. Ẹ má ra èyí tó nípọn jù, torí pé tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ lójijì láàárín kọ́nà tó tutù, ìdí á yọ̀.

Sípíríǹgì tó ń sọ ọkọ̀ kalẹ̀, kó má ju mìlímítà 25 lọ, bọ́m̀pù àdúgbò yín á sì sọ bóyá ó ṣeé ṣe rárá. Gígé sípíríǹgì lẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe. Èyí tí wọ́n gé máa ń le sí i, ó lè yọ kúrò lórí ìjókòó rẹ̀ tí táyà bá já sínú kòtò, lówà áàmù náà á sì dagun sókè débi pé táyà á máa ṣẹ́rí fúnra rẹ̀ lórí gbogbo gálọ́ọ̀pù.

Lẹ́yìn kìlómítà 1,000, ẹ fi ọwọ́ pa ojú táyà iwájú láti inú sí ìta, kẹ́ ẹ tún pa á láti ìta sí inú. Tó bá ń dán ní ọ̀nà kan tó sì ń gé ọwọ́ ní ọ̀nà kejì, títò rẹ̀ kò tọ́: ẹ mú ìwé èsì yẹn padà lọ bá wọn.