Bí Mo Ṣe Mú Iná Mànàmáná Dé Ilé Oko Tó Jìnnà sí Òpó Iná

Kí n tó bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà lórí ọ̀rọ̀ iná ilé wa tó wà lóko, mo kọ́kọ́ wọn bí òpó iná tó sún mọ́ wa jù lọ ṣe jìnnà tó. Kìlómítà kan àtààbọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí iye tí wọ́n ń ta pánẹ́ẹ̀lì sólà, ṣùgbọ́n ohun méjì ni mo gbà pé ìpinnu yìí dúró lé: bí ọ̀nà ṣe jìn tó, àti ìwọ̀n iná tí ilé náà yóò máa lò lójúmọ́.

Ìwọ̀n ìlò yìí ni mo fi sùúrù ṣe jù. Mo kọ gbogbo ohun tí yóò máa lo iná sílẹ̀, iye wáàtì ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn àti iye wákàtí tí yóò fi ṣiṣẹ́ lójúmọ́. Gílóòbù 10 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ wáàtì 9, tí a bá tàn wọ́n fún wákàtí 5, yóò jẹ 450 wáàtì-wákàtí, ìyẹn iye wáàtì tí a fi iye wákàtí sọ di púpọ̀. Fáànù méjì jẹ 800, fóònù àti kọ̀ǹpútà jẹ 350, pọ́m̀pù omi tó jẹ́ wáàtì 750 sì jẹ 1,500 bí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì. Fíríìjì ni kò ṣeé fi ojú lásán ṣírò, nítorí pé bí ó bá ṣiṣẹ́ díẹ̀, yóò tún dákẹ́ díẹ̀. Mítà kékeré tí a ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo fi wọ̀n ọ́n, ó sì fún mi ní nǹkan bí 1,200. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4,300 wáàtì-wákàtí lójúmọ́. Mo yọ ohun gbogbo tó ń fi iná mú nǹkan gbóná kúrò, nítorí pé sítóòfù oníná tó jẹ́ wáàtì 2,000, tí a bá lò ó fún wákàtí kan péré, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tó ìdajì gbogbo ohun tí ilé ń lò. Gáàsì ni a fi ń se oúnjẹ.

Mo wá padà sí ọ̀rọ̀ òpó iná. Àwọn kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n kàn ra wáyà gígùn, kí n sì fa iná 230 fóòtì (fóòtì ni ìwọ̀n agbára tó ń ti iná gba inú wáyà) láti ibi òpó wá sílé. Ìṣirò kò gbè é lẹ́yìn. Wáyà kọ́pà tí inú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 25 níbùú-lóròó, ní àlọ àti àbọ̀ mítà 1,500, ń dènà iná dé ìwọ̀n ómù 2.1, bí a bá fa ámpíà 10 (ámpíà ni ìwọ̀n iná tó ń ṣàn nínú wáyà), fóòtì 21 yóò ti ṣègbé sójú ọ̀nà, bí a bá sì fa ámpíà 20, fóòtì 42 ni yóò lọ, tí èyí tó kù kò ní tó 190. Mọ́tò pọ́m̀pù àti ti fíríìjì kì í pẹ́ jóná lórí irú iná bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀nà bá ti jìn tó báyìí, iná alágbára, bíi ti 11,000 fóòtì, ni a gbọ́dọ̀ fà wá, kí tiransífọ́mà tó wà nítòsí ilé sì bá wa sọ ọ́ di 230. Èyí túmọ̀ sí nǹkan bí òpó 30, bí a bá fi mítà 50 sí àárín wọn, pẹ̀lú tiransífọ́mà, ilẹ̀ onílẹ̀ tí wáyà yóò gbà kọjá, àti àdéhùn lórí ẹni tí yóò tún un ṣe bí igi bá wó lù ú. Kí ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí rí i dájú pé àdéhùn tó kẹ́yìn yìí wà lákọsílẹ̀ kí ó tó san owó kankan. Ọ̀nà náà dára fún ẹni tó fẹ́ dá ilé ìlọta tàbí iṣẹ́ jíjó irin sílẹ̀, tàbí tí aládùúgbò mẹ́fà méje yóò dá owó rẹ̀ jọ. Ní tiwa, a kò ní iṣẹ́ tó wúwo tó bẹ́ẹ̀, a kò sì ní aládùúgbò, nítorí náà mo yan sólà.

Mo fi díẹ̀ lé 4,300 yẹn nítorí iná tó ń ṣòfò nínú ẹ̀rọ, ó di nǹkan bí 5,300. Oṣù tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n: bí oòrùn bá fúnni ní agbára wákàtí 4 péré lójúmọ́, wáàtì 1,325 ni pánẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ jẹ́ ó kéré tán, mo sì ra mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 400. Bátìrì ni owó gọbọi bá lọ. Mo fẹ́ kí ó lè gbé ilé fún ọjọ́ méjì láìsí oòrùn, ìyẹn 8,600 wáàtì-wákàtí. A kì í lo bátìrì alásíìdì kọjá ìdajì bí a bá fẹ́ kí ó pẹ́, nítorí náà èmi ìbá ra tó 17,200. Ti lítíọ́mù ṣeé lò ju ìdá 80 nínú 100 lọ, èyí tó jẹ́ kí 10,240 tó mi.

Fóòtì 48 ni mo ní kí wọ́n fi to bátìrì náà, kì í ṣe 12. Bí ilé bá ń lo wáàtì 3,000, bátìrì fóòtì 12 yóò ti ámpíà 250 gba inú wáyà, ti fóòtì 48 kò sì ní ju 63 lọ. Ìyàtọ̀ wáyà tó nípọn bí àtàǹpàkò àti wáyà tí ọwọ́ lè tẹ̀ nìyẹn. Mo ra ínfátà (ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú iná tí ilé ń lò) wáàtì 3,000 tó lè gbé ìlọ́po méjì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, nítorí pé bí pọ́m̀pù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, ó lè fa ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ tí wọ́n wá so ó, oníṣẹ́ iná mú bíréékà (ẹ̀rọ tó ń gé iná) tí a ń lò nínú ilé wá fún wáyà pánẹ́ẹ̀lì, mo sì ní kí ó dá a padà. Iná inú ilé a máa já sí òfo nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdí nìyẹn tí bíréékà fi lè tètè pa ẹ̀tàpárá tó ń jáde bí ó bá ń gé iná. Iná pánẹ́ẹ̀lì àti ti bátìrì kì í já rárá, ẹ̀tàpárá náà lè máa jó lọ títí tí ara bíréékà yóò fi yọ́. Èyí tí wọ́n ṣe fún irú iná yẹn gan-an ni a fi síbẹ̀, a sì fi fíùsì sí ìdí bátìrì, nítòsí rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí.

Igi kan wà tí òjìji rẹ̀ ń bọ́ sórí pánẹ́ẹ̀lì kan lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Àwọn pánẹ́ẹ̀lì tí a so tẹ̀lé ara wọn dà bí ènìyàn tó ń tò lọ lójú ọ̀nà tóóró: bí ẹni kan bá fà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ gbogbo àwọn yòókù yóò rọ̀. A gé ẹ̀ka igi náà.

Ọ̀sán gangan ni a máa ń fa omi sínú táǹkì, nítorí pé omi tó wà lókè dọ́gba pẹ̀lú iná tí a tọ́jú, kò sì ná bátìrì ní nǹkan kan. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, jẹnẹrétọ̀ kékeré ni a fi ń gba agbára sí bátìrì ní òwúrọ̀, lẹ́yìn náà ni a óò pa á.