Bí mo ṣe fi lẹ́ǹsì òde ìyàwó ya omi Arinta

Lẹ́ǹsì 85mm nìkan ló wà lẹ́nu kámẹ́rà mi nígbà tí èmi àti àbúrò mi kọrí sí Ìpólé-Ìlórò ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, níbi tí omi Arinta ti ń já látorí òkè. Òun ni mo fi ń ya ojú ìyàwó lóde ìgbéyàwó, torí pé ó máa ń fa nǹkan súnmọ́ni. Omi tó ń já látorí òkè nínú igbó kò fẹ́ irú rẹ̀ rárá. Igi wà lẹ́yìn, àpáta wà lọ́tùn-ún lósì, kò síbi téèyàn máa fẹ̀yìn rìn sí. Ìdajì omi náà ni mo rí.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n mú fóònù wá?”

Mo ní rárá. Fóònù á gba gbogbo rẹ̀, àmọ́ omi náà á sún sẹ́yìn, á kéré, ẹni tó bá wò ó kò ní mọ bó ṣe ga tó. Ìyẹn dùn mí ju kí n má yà á lọ.

Mo wá pinnu láti yà á ní wẹ́wẹ́ kí n sì rán an pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé omi kì í dúró: tí ojú kámẹ́rà bá yára ṣí yára pa, ẹ̀kán omi inú àwòrán kan kò ní bá ti èkejì mu. Ó ní láti pẹ́ kó tó pa, kí omi lè kúnná bí òwú tí wọ́n gbọ̀n.

N kò ní sítáǹdì. Mo rọ yanrìn etí odò sínú ọ̀rá, mo gbé e ka orí òkúta, mo tẹ kámẹ́rà mọ́ ọn lóòró. Kí ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé lè dín kù, mo dín ihò lẹ́ǹsì kù sí f/16, mo sì fi ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí, sí 100. Síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣì pọ̀ jù. Ni àbúrò mi bá bọ́ gíláàsì dúdú ojú rẹ̀, irú èyí tó ń pa dídán omi. Mo ní kó dì í mú síwájú lẹ́ǹsì láìfara kàn án, kó máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí dídán ara àpáta tútù fi lọ, kó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ojú kámẹ́rà wá ń ṣí fún bí ìṣẹ́jú àáyá 2. Mo pa autofocus tí kámẹ́rà fi ń wá ibi tí àwòrán ti máa mọ́ kedere fúnra rẹ̀, mo sì lo táímà kí ìka mi má baà mì ín.

Mo ń yí kámẹ́rà láti òsì sọ́tùn-ún, ìdá kan nínú mẹ́ta àwòrán kọ̀ọ̀kan ń gun orí èyí tó ṣáájú. Kọ̀ǹpútà rán omi náà pọ̀ láìfi ojú ibi tó ti rán an hàn. Ewé tí atẹ́gùn ń fẹ́ lápá ọ̀tún nìkan ló di méjì, mo sì gé etí ibẹ̀ kúrò.